Pẹ́dà bíréèkì rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ kálípà: ṣé másítà ló kú ni?

Onímọ́tò Jẹ́jẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Mo gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì pé kó bá mi pààrọ̀ kálípà iwájú méjèèjì (irin tó ń fún bíréèkì mọ́ dísìkì táyà), torí ti ọ̀tún ti há, táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn sì máa ń gbóná gan-an. Ó pààrọ̀ wọn, ó yọ afẹ́fẹ́. Àtìgbà náà ni pẹ́dà ti rọ̀ bíi tìmùtìmù. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ kí ọkọ̀ tó mú. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, á gbéra, á le díẹ̀. Mẹkáníìkì ní másítà, ìyẹn ẹ̀rọ tí pẹ́dà fi ń ti epo bíréèkì lọ sí táyà, ló ti kú, kí n lọ ra tuntun. Kálípà ni mo gbé wá, báwo ló ṣe di másítà? Epo bíréèkì ò dín nínú ike rẹ̀, mi ò sì rí ibi tó ti ń jò. Ẹ gbà mí o.

Sáré-Má-Ṣubú:
Másítà ni. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, mo pààrọ̀ ẹ̀, ó parí. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Ìyá Sípánà:
Ẹ dúró ná, ẹ má tíì náwó. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe bíréèkì, másítà tí wọ́n sọ pé ó kú pọ̀ ju èyí tó kú lóòótọ́ lọ.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ dúró sójú kan. Ẹ tẹ pẹ́dà títí á fi le, kí ẹ wá gbé ẹsẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e kúrò. Tó bá ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, tí epo ò sì jò síta, rọ́bà inú másítà ló ti jẹ, epo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá kọjá. Tó bá dúró gbọn-in, ẹ fi másítà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Pẹ́dà tó ń gbéra tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń jẹ́, tàbí kí súù ẹ̀yìn, bíréèkì tó ń tẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù (irin bí ìkòkò tó ń bá táyà yí), ti jìnnà sí i. Dúrọ́ọ̀mù ni àbí dísìkì lẹ ní lẹ́yìn?

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yọjú wo ẹ̀yìn kálípà. Nípù tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́, ṣé òkè ló wà àbí ìsàlẹ̀? Ẹ má sì gbé ọkọ̀ yẹn jáde o.

Onímọ́tò Jẹ́jẹ́:
Ẹ ṣé, mà. Pẹ́dà ò wọlẹ̀, ó dúró. Nípù wà nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Ó burú ni?

Ìyá Sípánà:
Hẹ̀n-ẹ́n! Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé ti ọ̀tún sí òsì, wọ́n gbé ti òsì sí ọ̀tún. Méjèèjì jọra, bóòtì á wọlé wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó máa fura. Òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń gbé nínú epo. Tí nípù bá ti wà nísàlẹ̀, ẹ lè da ìgò epo mẹ́wàá síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á jókòó sókè, á máa wò yín.

Kí wọ́n gbé kálukú padà síbi tiẹ̀, kí wọ́n fi wáṣà bàbà tuntun síbi tí hóòsì ti wọ kálípà, kí wọ́n wá yọ afẹ́fẹ́. Kí nípù ti dì kí ẹni tó ń tẹ pẹ́dà tó gbẹ́sẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ mìíràn ló máa fà wọlé. Ike epo ò gbọdọ̀ gbẹ. Ẹ fi pákó kékeré sábẹ́ pẹ́dà kó má bàa kanlẹ̀: másítà tó ti pẹ́ máa ń dípẹtà níbi tí rọ́bà inú rẹ̀ kì í dé, tí pẹ́dà bá kanlẹ̀, ìpẹtà yẹn á ha rọ́bà náà, wọ́n á fi yíyọ afẹ́fẹ́ pa èyí tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹlẹ́rọ Ìdákẹ́jẹ́:
Tí ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì) bá wà tí afẹ́fẹ́ sì ti wọnú ẹ̀rọ rẹ̀, ọkọ̀ míì wà tó jẹ́ kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò ló máa ṣí fáàfù rẹ̀ kó tó jáde tán. Epo tí wọ́n kọ sára ìdérí ike ni kí ẹ lò. DOT 3 àti DOT 4 ni orúkọ oríṣi epo bíréèkì: DOT 3 tuntun kì í hó títí á fi dé 205°C, ti DOT 4 jẹ́ 230°C. Bó bá ti fa omi sára, DOT 3 lè hó ní nǹkan bí 140°C. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da epo ẹ́ńjìnnì sí i o, gbogbo rọ́bà ló máa wú.

Onímọ́tò Jẹ́jẹ́:
Mẹkáníìkì kọ́kọ́ ń bá mi jiyàn pé kálípà ò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Mo fi nípù hàn án, ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n tú ti ọ̀tún, afẹ́fẹ́ ń yọ ìfófòó léraléra nínú rọ́bà funfun tó fi sẹ́nu nípù. Pẹ́dà ti le báyìí, kò dé ìdajì tó fi ń mú. Epo ṣẹ́kù nínú ìgò tí a ti ṣí, ṣé mo lè tọ́jú ẹ̀?

Ìyá Sípánà:
Ẹ má tọ́jú ẹ̀ pẹ́, omi inú afẹ́fẹ́ ti ń wọ̀ ọ́. Tó bá ta sí ọ̀dà ọkọ̀, ẹ tètè fi omi ṣàn án, ó máa ń bó ọ̀dà. Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn o: dúrọ́ọ̀mù ni àbí dísìkì ló wà lẹ́yìn?