Òǹkọ̀wé mi ti lọ kọ ìtàn akọni tó ń fò, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹkàwé ẹgbẹ́ mi.

Òǹkọ̀wé kan wà tí n kì í fi ìwé rẹ̀ ṣeré. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló máa ń kọ tẹ́lẹ̀. Àfi bó ṣe gbé ìtàn akọni alágbára jáde lọ́tẹ̀ yìí: ọmọbìnrin tó ń fò, tó sì ń gbọ́ èrò ọkàn ẹni. Àwa olólùfẹ́ rẹ̀ wá pín sí méjì. Àwọn kan ní owó ló ń wá, pé inú ìwé ìtàn alàwòrán ni irú akọni bẹ́ẹ̀ yẹ, níbi tí Superman ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1938. Àwọn kejì ní kò tíì kọ èyí tó dùn tó báyìí rí.

Èmi wà láàárín. Ìjà inú rẹ̀ sú mi. Nínú ìwé alàwòrán, ẹ̀ẹ̀kan lojú máa rí ẹ̀ṣẹ́. Níbí, ojú ìwé mẹ́ta ni wọ́n fi ń ju ẹyọ kan! Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ náà ti gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń rò nípa rẹ̀, tó wá díbọ́n pé òun ò gbọ́... mo pa ìwé dé, mo jókòó jẹ́ẹ́.

Wàhálà mi rèé: ọ̀rẹ́ tó fi ìwé náà ta mí lọ́rẹ ń bi mí lójoojúmọ́ pé báwo ni. Ìdajì ni mo kà dé. Ṣé kí n máa fo àwọn ìjà náà kí n lè parí ẹ̀, àbí kí n sọ òótọ́ fún un báyìí? Ẹ̀yin tí òǹkọ̀wé yín ti yà kúrò lọ́nà rí, ọgbọ́n wo lẹ dá sí i?