"Omi aláwọ̀ ewé" yẹn ò wọlé sí mi o

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ká máa pe nǹkan olómi tí wọ́n fi ń po sólà ọ́gáníìkì (sólà tí wọ́n fi èròjà kábọ́ọ̀nù ṣe), èyí tí kò ba àyíká jẹ́, ní "omi aláwọ̀ ewé". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ ní Ṣágámù níbí, wọ́n á bi yín pé ilé wo lẹ fẹ́ kùn.

"Omi" gan-an tún burú jù. Mo mọ̀ pé a ní omi bátìrì lẹ́nu, ṣùgbọ́n chloroform àti chlorobenzene tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, torí pé wọ́n máa ń yọ́ pọ́límà (èròjà bí ike tí wọ́n fi ń ṣe sólà yìí) dáadáa, májèlé ni wọ́n, àwọn kan sì wà báyìí tó ń fi omi gidi ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ sọ pọ́límà yẹn di hóró tíntìntín tó ń léfòó nínú omi kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Kí la wá fẹ́ pe ìyẹn, omi olómi?

Iṣẹ́ tí nǹkan olómi yìí ń ṣe ni ká wò. Ó ń yọ́ nǹkan méjì pọ̀, èyí tó ń fi ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù sílẹ̀ àtèyí tó ń gbà á, wọ́n á tẹ́ àpòpọ̀ ẹ̀ sórí gíláàsì tàbí ike, fẹ́lẹ́ báyìí, bíi 100 nanometer, nǹkan olómi náà á wá gbẹ lọ, kò ní kù síbẹ̀. Bó ṣe ń lọ yẹn lẹjọ́ wà. Chloroform ń hó ní 61°C, kíá ló ti gbẹ. O-xylene, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀, ń hó ní bíi 144°C, ó ń fà, àwọn méjèèjì lè ti ráyè ṣù jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ agbára tí ìmọ́lẹ̀ jí nínú pọ́límà kì í sábà rìn ju bíi 10 nanometer lọ kó tó kú, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ dé ibi táwọn méjèèjì ti pàdé kó tó lè diná. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí pípààrọ̀ ẹ̀ rọrùn.

Àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà mọ́tò sì ti ní orúkọ ẹ̀ lẹ́nu: tínà. Wọ́n á dà á sọ́dà, ọ̀dà á ṣàn, tínà á gbẹ lọ, ọ̀dà á kù. Kí la tún ń wá? "Ayọ́hun" ò burú fún ìwé kẹ́mísírì o, omi tó ń yọ́ iyọ̀ náà wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di ti sólà yìí, tínà ni tèmi.

"Aláìléwu" tí àǹtí wa dábàá, ó ti pọ̀ jù. O-xylene ò ní kílórínì tó wà nínú chloroform lóòótọ́, àmọ́ ẹ fà á símú títí kẹ́ ẹ wo bí orí á ṣe máa fọ́ yín. 2-methyltetrahydrofuran náà, tí wọ́n lè ti ara ṣùkù àgbàdo ṣe, iná tètè máa ń ràn mọ́ ọn. Ewu ẹ̀ kàn dín ni, kò tán. Ìdí tí mo fi mú "adínwu" wá nìyẹn: tínà adínwu.

Ti ẹni tó ní ká pe ọ́gáníìkì ní "ẹlẹ́mìí", ẹ jọ̀ọ́, èròjà kábọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sọ, kò sí nǹkan tó ń mí níbẹ̀. Ẹ fi ọ́gáníìkì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.