Wọ́n ní yanrìn ni mo ń fi ọmọ àwọn ṣeré: ẹ̀yin olùkọ́ CI, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Màdáámù CI, Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́. Olùkọ́ CI ni mí, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kétu. Ọmọ 54 ló wà lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé jẹ́lé-ó-sinmi rí. Láti ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n ti bọ́ sórí bẹ́ǹṣì tààrà, Yorùbá nìkan ló wà lẹ́nu wọn, a sì ní kí wọ́n máa fi Faransé ka nǹkan.

Wọ́n ń kà á náà. "Un, deux, trois" dé 20, bí orin. Àmọ́ tí mo bá ní kí ọmọ kó òkúta méje wá, ẹ̀kúnwọ́ kan ló máa bù fún mi. Ó wà lẹ́nu, kò sí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan mo kó wọn jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Mo gbẹ́ ihò 12 sílẹ̀, mẹ́fà kojú mẹ́fà, mo da ọmọ ayò bàbá mi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ 48. Títa rẹ̀ ṣì jìnnà sí wọn. Pípín ni mo ní kí wọ́n pín in, mẹ́rin mẹ́rin. Ọmọbìnrin kan wà tí n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án tá a ti wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó ń sọ ọ́ sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó dé ihò kan, ó dúró. "Màdáámù, márùn-ún ló wà níbí." Mo ní kí ló fẹ́ ṣe sí i? Kò dá mi lóhùn. Ó ń wo àwọn ihò yòókù títí ó fi rí èyí tó jẹ́ mẹ́ta, ó mú ọ̀kan, ó jù ú síbẹ̀. Ohun tí mo ti ń fi ẹfun kọ sára pátákó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn o!

Ibi tó kù sí ni pé àwọn mẹ́fà ló ń pín ayò, àwọn yòókù ti ń lé alángbá kiri. Mo sáré bu ẹ̀wà fún wọn kí ọwọ́ wọn má dilẹ̀, ọmọkùnrin kan sì ti hóró kan bọ imú. Mo fi ìka dí ihò imú kejì, mo ní kó fọn ọ́n, ó jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo abúlé ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì bàbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì: "Yanrìn wà nílé wa. Ìwé ni mo ní kó wá kọ́." Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n ṣì kó wọn padà sínú ilé ná.

Nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n sọ fún wa nípa Friedrich Fröbel, ará Jámánì tó dá ilé ìkọ́ni àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ ní 1837, pé bọ́ọ̀lù àti ègé igi ló fi ń kọ́ wọn. Wọn ò sọ bí èèyàn ṣe ń ṣe é pẹ̀lú ọmọ 54. Ẹ gbà mí.

Àgbà Olùkọ́, Ṣábẹ̀ẹ́

Ọmọ mi, o kú làálàá. Má bá bàbá yẹn bínú, ó ní ohun tí ojú wa ti rí. Lẹ́yìn òfin ẹ̀kọ́ 1975, láyé ààrẹ Kérékou, ìta náà la máa ń wà, àmọ́ oko ilé-ìwé là ń ro. Wọ́n pè é ní École nouvelle, ìyẹn ilé-ìwé tuntun. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé olùkọ́ ń fi ọmọ àwọn ṣiṣẹ́ ni. Títí dòní, tí ẹni tó gbọ́njú nígbà yẹn bá gbọ́ pé olùkọ́ kó ọmọ jáde, ọkàn rẹ̀ á fò.

Nípa 54: má ṣe fi ihò kan ṣoṣo dá gbogbo wọn lóhùn. Fa àyíká mẹ́sàn-án sílẹ̀, ọmọ mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó já fáfá jẹ́ olórí wọn. Òkúta ni kó o lò, èyí tó tóbi ju ihò imú lọ. Ìwọ náà ti mọ̀ báyìí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kó o lo kóró kajú tí wọn ò tíì yan, má gbà. Ibí la ti ń gbìn ín, mo ti rí ọwọ́ ọmọ tí omi èèpo rẹ̀ bó.

Jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá kà kí wọ́n tó fi Faransé kà. Kó 20 òkúta sílẹ̀, ní kí wọ́n mú mẹ́rin kúrò, bi wọ́n pé mélòó ló kù. Mẹ́rìndínlógún! Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ti ṣe ìṣirò náà tán. Ìgbà náà ni kó o wá sọ pé Faransé ń pè é ní seize. Seize fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ọmọ.

Kí gbogbo wọn sì mú wàláà wọn dání jáde. Ohun tí wọ́n bá kà, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ han ìyá wọn láìnù ún.

Bàbá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ má bínú o, ẹ̀yìn bàbá yẹn ni mo wà. Ilé-ìwé olówó làwọn ìbejì mi ń lọ, eré ni ṣáá, wọn ò sì lè kọ orúkọ wọn. CEP, ìdánwò ìjáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń dúró dè wọ́n ní CM2 tó jẹ́ kíláàsì ìkẹyìn, wọn ò ní fi ayò bi wọ́n níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ti Finland fún mi. Ọdún tí ọmọ máa pé méje ló ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé níbẹ̀, tí wọ́n bá sì kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 45, wọ́n á jáde fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ bi wọ́n pé ọmọ mélòó ló wà níwájú olùkọ́ kan.

Ìyá Ìmẹ̀kọ

Èmi ń kọ́ prámárì wáànù níhìn-ín, ọ̀hún ẹnubodè. Tí ọyẹ́ bá mú, ẹ jẹ́ kí oòrùn ta díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó wọn jáde, ọ̀pọ̀ wọn ò ní ẹ̀wù òtútù. Tí òjò bá ń rọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó. Bàbá Ìbejì, ẹ tiẹ̀ lè kọ́ wọn lórúkọ wọn nílé náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Màdáámù CI, Kétu

Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá Ìbejì, ẹ ò parọ́ lórí iye ọmọ yẹn. Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́, mo ṣe ti wàláà bẹ́ ẹ ṣe wí. Ọ̀gá ní kí n máa kó wọn jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, òun á máa wá wò ó.

Mo ránṣẹ́ pe bàbá tó wá bínú lọ́jọ́ yẹn. Kò wá. Lánàá ló fi ọpọ́n ayò ilé rẹ̀ rán ọmọ rẹ̀, pé ihò ilẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́. Ọmọbìnrin mi tí kì í sọ̀rọ̀ ló jókòó tì í, ó pín in dé ihò ìkẹyìn, ó gbójú sókè: "Màdáámù, mẹ́ta ni. Ó ku ọ̀kan."

A wá abẹ́ bẹ́ǹṣì, a gbọn àpò. Ọmọkùnrin tó ti ẹ̀wà bọ imú níjọ́sí ti gbé imú rẹ̀ sókè fún mi kí n tó bi í.