Ìrìnàjò ẹgbẹ́ àwọn ìyá sí Ilẹ̀ Mímọ́: ibo ni kí a lọ, ibo ni kí a yọ kúrò?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìyá, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Ìjọ Áńgílíkà ni ìjọ wa. Àwa méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ń dá owó jọ láti bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn kí a lè lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́ pẹ̀lú àlùfáà wa. Ẹni tí ó kéré jù nínú wa ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ẹni tí ó dàgbà jù jẹ́ ẹni ọdún 76, orúnkún sì máa ń da màmá náà láàmú. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kó wa lọ ti fi ètò ránṣẹ́: ọjọ́ mẹ́sàn-án, ibi mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo kà á sétígbọ̀ọ́ ìpàdé, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí mo tẹ́ ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, mo rí i pé ní ọjọ́ kẹrin nìkan, wọ́n fẹ́ kí a jí ní Násárẹ́tì, kí a ya Kánà, kí a dé Kápánáúmù, kí a wọ ọkọ̀ ojú omi lórí Òkun Gálílì, kí a wọ odò Jọ́dánì, kí a sì lọ sùn sí Jerúsálẹ́mù. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Èkíní, kí ni ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí máa yọ kúrò bí ó bá jẹ́ pé ìyá tó bí yín lọ́mọ ni ẹ ń mú lọ? Èkejì, ètò náà mú wa lọ sí ibojì Olúwa méjì, ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá láàrin ìlú, ọ̀kan nínú ọgbà. Àwọn ìyá ń béèrè pé èwo gan-an ni ti òtítọ́, n kò sì fẹ́ fi àìmọ̀ dá wọn lóhùn. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ odò Jọ́dánì. Láti ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ̀rù sì ń ba àwọn kan pé bí àwọn bá tún wọ omi, ó lè dà bí ẹni pé àwọn sẹ́ ìrìbọmi ti àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn ní bí àwọn kò bá ní wọ odò yẹn, kí a yáa dá owó àwọn padà.

Bàbá Ìjọ, Abẹ́òkúta

Màmá Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ yọ ibi mẹ́wàá kúrò nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà, ẹ má sì jẹ́ kí ó dùn yín rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ètò wa kò yàtọ̀ sí tiyín, ẹni tí ń tọ́ wa sọ́nà sì gbé àsíá pupa kékeré kan lọ́wọ́, ó ń jù ú sókè ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ kí a yára. Ní Gẹtisémánì, níbi tí Olúwa ti bi Pétérù léèrè pé ṣé kò lè ṣọ́nà fún wákàtí kan péré, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún wa. Mo rí igi ólífì àtijọ́ mẹ́jọ tí ó wà nínú ọgbà náà, ìdí wọn lọ́ mọ́ra wọn, ó sì là gbàràgàdà, ṣùgbọ́n kí n tó rántí àdúrà tí mo gbé láti ilé wá, àsíá pupa ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Títí di òní ni ó ń dùn mí.

Nígbà tí mo padà lọ, oru mẹ́ta gbáko ni a sùn sí Tìbéríà, létí Òkun Gálílì. Òkun ni a ń pè é nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n adágún omi aládùn ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 21, ẹ ó sì rí òdìkejì rẹ̀ láti ibi tí ẹ bá dúró sí. A jí ní ìdájí, a jókòó sórí òkúta létí omi, ẹnìkan sì ka Jòhánù orí 21 sókè, níbi tí Jésù ti dá iná ẹ̀yín, tí ó fi ẹja lé e. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní Kápánáúmù, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni ó wà láàrin sínágọ́gù àti ilé tí a mọ̀ sí ilé Pétérù. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun lé e lórí ní ọdún 1990, a sì lè wo àwókù náà láti orí gíláàsì tí ó wà ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Nítòsí ibẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Tabgha, níbi tí a ti ń rántí ìṣù búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì tí Jésù fi bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ wo àwòrán òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wà lẹ́bàá pẹpẹ dáadáa: ẹja méjì ni, ṣùgbọ́n ìṣù búrẹ́dì mẹ́rin ni ó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìkarùn-ún ni èyí tí ó wà lórí pẹpẹ. Irú nǹkan báyìí kò hàn sí ẹni tí ń sáré.

Èmi yóò yọ Háífà, Késáríà etí òkun, Mẹ́gídò àti ọkọ̀ orí okùn tí ń gun òkè Ìdánwò ní Jẹ́ríkò. Ẹ yọ gbogbo ilé ìtajà tí wọ́n bá kọ sínú ètò bí ẹni pé ibi mímọ́ ni, àyàfi ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, nítorí àwọn Kristẹni ibẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ igi ólífì, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì fi ń jẹun. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ni wọ́n máa ń tì fún nǹkan bí wákàtí méjì ní ọ̀sán. Ètò tí ó bá to ibi mẹ́fà sí ọjọ́ kan, ẹnu ọ̀nà tí a tì ni yóò kó yín lọ.

Olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ìsinmi, Iléṣà

Ọ̀rọ̀ ibojì méjèèjì ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí mo ti rí i tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì.

Èyí tí ó wà nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́ ni àwọn Kristẹni ti ń bọ̀wọ̀ fún láti ayé Ọba Kọnsitatáínì, ẹni tí ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí ibẹ̀ tí wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní ọdún 335. Ohun tí ó máa ń kọ àwọn ènìyàn lóminú ni pé ìwé Hébérù sọ pé ẹ̀yìn ibodè ni Jésù ti jìyà, àárín ìlú ni ṣọ́ọ̀ṣì yìí sì wà. Ìdáhùn rẹ̀ kò le: nígbà tí wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú, ẹ̀yìn odi ni ibẹ̀ wà; ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Hẹ́rọ́dù Àgírípà mọ odi mìíràn tí ó gba ibẹ̀ wọ ìlú.

Ibojì inú ọgbà ní tirẹ̀, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Gordon, ni ó sọ ọ́ di olókìkí ní ọdún 1883, nítorí òkè àpáta tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jọ agbárí. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé a ti gbẹ́ ibojì náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú ìbí Olúwa, bẹ́ẹ̀ Jòhánù sọ pé ibojì tuntun ni, tí a kò tíì tẹ́ ẹnikẹ́ni sí rí. Nítorí náà, bí àwọn ìyá bá béèrè lọ́wọ́ mi, èmi yóò sọ fún wọn láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé ti inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni ẹ̀rí wà fún jù. Ṣùgbọ́n n kò ní yọ ọgbà náà kúrò. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́, òdòdó wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì kọ̀wé ṣáájú, wọn yóò fún yín ní àyè láti jẹ oúnjẹ Olúwa.

Ẹ múra ọkàn àwọn ìyá sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà, nítorí kò rí bí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Ìjọ mẹ́fà ni wọ́n jọ ń lò ó: Gíríìkì, Kátólíìkì, Àméníà, Kọ́pítì, Síríà àti Etiópíà. Ìlànà wọn yàtọ̀ síra, òórùn tùràrí á kún ibẹ̀, orin ìhà kan á sì máa bo ti ìhà kejì mọ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìdílé Mùsùlùmí láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí ẹ tó dé ibojì, ẹ ó kọ́kọ́ kan òkúta pẹlẹbẹ pupa rúsúrúsú kan ní ilẹ̀, níbi tí a ń rántí bí wọ́n ṣe fi òróró olóòórùn dídùn tọ́jú òkú Jésù. Mo rí màmá àgbàlagbà kan tí ó tú ìborùn rẹ̀, tí ó fi nu òkúta náà láti òpin dé òpin, tí ó sì ká a sínú àpò bí ẹni ká aṣọ ọmọ tuntun. Ẹ lọ ní kùtùkùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nítorí bí oòrùn bá ti yọ, ìlà tí ẹ máa tò kí ẹ tó wọ ibojì lè gba wákàtí méjì, ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́ kí ó wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìmúra o, mà. Mo mú ìyá mi lọ pẹ̀lú ìjọ wa láti ibí, ẹni ọdún 73 ni nígbà náà, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ ni ó lọ tí ó sì bọ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni a fi múra.

Ẹsẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ máa tọ́jú. Òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà àtijọ́ Jerúsálẹ́mù ti dán nítorí ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ó ń yọ̀, àtẹ̀gùn sì pọ̀ ní Ọ̀nà Àgbélébùú. Àtẹ̀gùn tí ó lọ sí Gọ́lgọ́tà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ga, ó sì dúró ṣánṣán. Màmá tí orúnkún ń dùn gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò wà níwájú rẹ̀ àti ẹni tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí olúkúlùkù ra bàtà tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà nísinsìnyí, kí ó sì máa wọ̀ ọ́ kí ó tó di ọjọ́ ìrìnàjò. Bàtà tuntun a máa bó ẹsẹ̀, èyí kò sì dára rárá fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ.

Oògùn kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù ńlá. Inú báàgì ọwọ́ ni kí ó wà, nínú páálí tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà, kí ó sì lé ní iye ọjọ́ tí ẹ máa lò. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ Jẹ́ríkò àti Òkun Iyọ̀. Bíbélì sọ pé ọkùnrin kan ń sọ̀kalẹ̀ láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Jẹ́ríkò. Ẹ ó fi etí yín gbọ́ ìsọ̀kalẹ̀ náà, nítorí etí á dí. Etí Òkun Iyọ̀ fi nǹkan bí mítà 430 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, ooru ibẹ̀ sì le. Kí àwọn tí ó bá fẹ́ léfòó máà pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kí wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀ jẹ́ẹ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí omi náà kan ojú, nítorí iyọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti omi òkun tí a mọ̀. Ẹni tí ó bá ní egbò, kí ó jókòó sábẹ́ ibòji.

Àlùfáà, Oǹdó

Lórí ọ̀rọ̀ Jọ́dánì, mo yin àwọn ìyá tí ẹ̀rù ń bà, nítorí ó hàn pé wọ́n mọyì ohun tí a ṣe fún wọn. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù pé Olúwa kan, ìgbàgbọ́ kan, ìrìbọmi kan. Nínú ìjọ tiwa, a kì í tún un ṣe. Ohun tí àlùfáà yín lè ṣe létí odò ni pé kí ó darí wọn láti sọ ẹ̀jẹ́ ìrìbọmi wọn dọ̀tun: kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè tí àwọn òbí àti alágbàtọ́ bá wọn dáhùn nígbà tí wọn kò tíì lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá fi ẹnu ara wọn dáhùn, kí ó sì bu omi wọ́n wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ odò náà, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe àlàyé yìí nínú ìpàdé kí ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn, kí ó má baà di ariwo létí omi.

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń mú yín lọ. Yardenit, níbi tí odò ti jáde láti inú Òkun Gálílì, mọ́, irin ìdìmú wà níbẹ̀, aṣọ funfun sì wà. Qasr al-Yahud ní ìlà-oòrùn Jẹ́ríkò ni ó súnmọ́ ibi tí Jòhánù ti ń ṣe ìrìbọmi. Odò náà ti fún níbẹ̀, omi rẹ̀ pọ́n bí omi ẹrẹ̀, ẹ ó sì máa wo àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ Jọ́dánì lójúkojú. Èmi fẹ́ràn ti Jẹ́ríkò. Bí ìyá kan bá sọ pé omi náà kò mọ́, ẹ ka ìtàn Náámánì fún un.

Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ wo ìkìlọ̀ ìjọba lórí ààbò, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀ bí owó yín yóò ṣe padà bí ìrìnàjò kò bá ṣeé ṣe. Ìwé ìrìnnà kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, nítorí ẹ ó kọjá ibi tí àwọn ọmọ ogun ti ń yẹ ènìyàn wò. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ kò ga ju nǹkan bí mítà kan àti díẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tí yóò wọlé ni yóò tẹrí ba. Kí àwọn ìyá yáa wé gèlè kékeré.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìyá, Ìbàdàn

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ará mi, mo dúpẹ́ púpọ̀, Olúwa yóò san án fún yín. A ṣe ìpàdé ní ọjọ́ Sátidé. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún gbogbo wọn, àlùfáà wa náà sì gbà pé ìsọdọ̀tun ẹ̀jẹ́ ni a ó ṣe, ní ìhà Jẹ́ríkò. Àwọn tí ó ní kí a dá owó àwọn padà ti fọwọ́ sí i. Ibi mẹ́rìnlá ni ó kù nínú ètò, oru mẹ́ta ní Tìbéríà, oru mẹ́rin ní Jerúsálẹ́mù, ibojì méjèèjì sì wà níbẹ̀. Àwọn tí ń kó wa lọ ní iye owó kò ní dínkù bí ibi tilẹ̀ dínkù. A gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó máa pàdé ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ní ọjọọjọ́ Sátidé, a ó fi bàtà tuntun rìn yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ká, a ó sì ka orí kan nínú ìwé Máàkù kí a tó túká.

Màmá wa ẹni ọdún 76 kò sọ̀rọ̀ títí ìpàdé fi fẹ́ parí. Ó wá ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó ní Gẹtisémánì fún odindi wákàtí kan, kí ẹnikẹ́ni má pe òun. A ti kọ ọ́ sínú ètò: ọjọ́ kẹfà, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́sàn-án, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò sì bá a jókòó.