Kámẹ́rà tí kò ṣẹ́jú: kí la ó kọ sábẹ́ fọ́tò ọkọ̀ lábẹ́ mànàmáná?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ti wọ̀ lẹ́wù ya fọ́tò kan: ọkọ̀ pupa kan tó rẹlẹ̀ dá dúró lójú ọ̀nà ní òru, omi òjò ń dán lára rẹ̀, mànàmáná sì ya ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, wọ́n ti tún un ṣe látòkèdélẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n sì kọ rèé: "Àwòrán ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ eré ìdárayá tí a túnṣe, tí a yà ní alẹ́ nínú ìjì àrá." Wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó. Mo wò ó títí. Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí kò bá rí fọ́tò náà, nǹkan mìíràn ni yóò máa fọkàn yà.

"Ìjì àrá" ni mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà. Gẹ̀ẹ́sì fi ohun tí etí gbọ́ sọ irú òjò yìí lórúkọ ("thunderstorm"), a sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò ní etí. Kò sí àrá kankan nínú fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi, mànàmáná ló wà níbẹ̀. Yorùbá kò fi ìgbà kan da àwọn méjèèjì pọ̀: mànàmáná ń kọ, àrá ń sán. Àrá tó bá jìnnà kì í tilẹ̀ sán, kíkù ló máa ń kù. Ìjì ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ líle ni, koríko ẹ̀bá ọ̀nà inú fọ́tò yìí kò sì tẹ̀ rárá. Mo ní kí wọ́n kọ "òjò mànàmáná", kó parí.

Wọ́n ní rárá o, àwọn èèyàn yóò rò pé iná mànàmáná ni, èyí tó ń tan gílóòbù. Ọ̀rọ̀ wọn mú ọgbọ́n dání díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ta? Ojú ọ̀run ló ni mànàmáná, inú wáyà ló yá a lò. Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti sọ "iná" mọ́ ọn níwájú kó tó di ti wáyà. Bí "òjò" bá wà níwájú rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò wá gílóòbù lọ. "Fọ́tò mànàmáná" nìkan ló lè ṣi èèyàn lọ́nà, mo gbà fún wọn níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ kíkọ àti sísán yìí kì í ṣe ti akọ̀wé nìkan. Ìmọ́lẹ̀ a dé lójú ẹsẹ̀, ohùn a máa rìn bọ̀ lẹ́yìn, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 fún kìlómítà kan. Bí mànàmáná bá kọ tí o sì ka ìṣẹ́jú àáyá 9 kí àrá tó dún, kìlómítà 3 ló fi jìnnà sí ọ. Kí "kù" má sì tan ẹnikẹ́ni jẹ: àrá tí o bá ti ń gbọ́ ti súnmọ́ tó láti pa èèyàn, inú ọkọ̀ onírin ló yẹ kí o wà, kì í ṣe ìdí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a gbé kámẹ́rà lé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé onírin. Rọ́bà táyà kọ́ ló ń gbani, irin ara ọkọ̀ ló ń gba iná náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ Corvette tó jáde ní 1953, fáíbà ni ara rẹ̀, kì í ṣe irin, kò sì ní òrùlé onírin. Ẹni tó bá sá sínú irú èyí kò tíì sá síbì kankan.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà wá ńkọ́? "Sports car" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú rẹ̀, ibẹ̀ ni "eré ìdárayá" ti wá, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbà. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń na ara. "Ọkọ̀ eré" náà ní wàhálà tirẹ̀, nítorí eré tí à ń sá àti eré tí à ń ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọmọdé sì ní ọkọ̀ ìṣeré nílé. "Ọkọ̀ eré ìje" jẹ́ ti àwọn tó ń díje lórí pápá. Ìbá wù mí kí a pè é ní ayárabíàṣá, àmọ́ kọ̀ǹpútà ti gba àṣá síṣẹ́ kó tó kàn wá. Mo fara mọ́ "ọkọ̀ asáré", kí "ayọ́kẹ́lẹ́" sì kúrò níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ohun tó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ wá tẹ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń bú ramúramù!

"Tí a túnṣe" ló tilẹ̀ wá ṣe mí ní kàyéfì jù. Kí la tún ṣe, ọkọ̀ ni àbí fọ́tò? Ẹni tó ń ya fọ́tò lóde òní ń tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà òǹkàwé lè rò pé ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́wọ́ pé àwọn fọwọ́ ṣe mànàmáná yẹn ni. Yàtọ̀ sí èyí, àtúnṣe ti gba ẹrù jù. À ń ṣe àtúnṣe ìwé, à ń ṣe àtúnṣe ìwà, ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀ lánàá náà ti gba àtúnṣe. Wọ́n tú tiwa yìí palẹ̀ dé férémù, wọ́n gé irin tó ti dógùn-ún sọ nù, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà tó ní nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì bá ti ìwé mu, ohun tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kì í fi ṣeré.

Àbúrò kan tó wà nítòsí ní ká pè é ní "ọkọ̀ àsọdọ̀tun". Ó dùn lẹ́nu, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀tun kọ́ ni wọ́n ń wá, bó ṣe wà rí ni. Ẹni tó bá ki ẹ́ńjìnnì tòde òní bọ inú Jaguar E-Type, ọkọ̀ tó kọ́kọ́ jáde ní 1961, ó ti sọ ọ́ dọ̀tun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mú un bọ̀ sípò kankan. Ọ̀rọ̀ tí mo wá mú nìyẹn: "ọkọ̀ àmúbọ̀sípò". Ó gùn, mo mọ̀. Iṣẹ́ náà kò kúkú yá.

Ti "alẹ́" kò gba àkókò. Alẹ́ ṣì lè ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lójú sánmà; ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò yìí, òru ni.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Ọwọ́ èèyàn kò lè yá tó mànàmáná. Kí ìka tó tẹ bọ́tìnnì, ó ti lọ. Ṣíṣí ni wọ́n ń ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ nínú òkùnkùn, bóyá fún ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí 30, kí mànàmáná wá bá a níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń pe èyí ní "ìṣípayá gígùn". Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìṣípayá ti wòlíì ni. Mo gbìyànjú "ìlajú kámẹ́rà", ó tún jọ ọ̀làjú. Ìgbà náà ni mo rántí pé ojú gan-an ti fún wa ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ni ìṣẹ́jú, bí kì í ṣe pé ojú ṣẹ́? Kámẹ́rà tí kò pa ojú dé, kò ṣẹ́jú nìyẹn. Fọ́tò àìṣẹ́jú ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Fọ́tò àìṣẹ́jú tí à ń fi ìṣẹ́jú àáyá wọ̀n?" Bẹ́ẹ̀ ni, kò burú. Ṣebí a máa ń wo nǹkan láìṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kò sì sẹ́ni tó ń jà sí i.

Bí a bá ti gba ojú, ìyókù ń tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣí tó sì ń padé nínú kámẹ́rà, ìpéǹpéjú ni. Ihò tó ń fẹ̀ tó sì ń kéré, ọmọlójú ni. Mo fi ẹ̀kọ́ kan dán an wò, torí ọ̀rọ̀ tí a kò bá lè fi kọ́ni, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Mànàmáná kì í pẹ́, nítorí náà bí ìpéǹpéjú pẹ́ bí kò pẹ́, kò mú un mọ́lẹ̀ sí i. Bí ó bá funfun jù nínú fọ́tò, ọmọlójú ni kí o dín kù, láti f/5.6 sí f/8 tàbí f/11 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń ga sí i ni ọmọlójú ń kéré sí i). Bí ara ọkọ̀ bá ṣókùnkùn jù, jẹ́ kí ìpéǹpéjú pẹ́ sí i ní ṣíṣí. Àbúrò yẹn kò gbé kámẹ́rà rí, ó sì tún un sọ fún mi láìṣì. Ẹ fi "ìṣípayá" dán an wò kí ẹ wò ó.

Àbá kan wà tí mo kọ̀: kí a má pè é ní fọ́tò mọ́, kí a pè é ní "ìfìmọ́lẹ̀kọ", nítorí ohun tí "photography", ọ̀rọ̀ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nì, John Herschel, lò ní 1839, túmọ̀ sí nìyẹn ní èdè Gíríìkì. Kí ló dé tí a ó fi gba ọ̀nà Gíríìkì dé ibi tí "ya fọ́tò" ti gbé wa dé? Síbẹ̀, ó pa mí lẹ́rìn-ín pé mànàmáná ń kọ, a sì ń kọ ìwé. Ohùn ló bá ohùn dọ́gba, n kò sọ pé orísun wọn jẹ́ ọ̀kan.

Kí ẹ má ṣe gbàgbé àmì ohùn o. Ẹnì kan ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi rí pé òun rí "foto oko ati ara". Mo rò pé oko àti àwọn ará oko ni. Ọkọ̀ àti àrá ló ń wí.

Ohun tí mo kọ fún wọn nígbẹ̀yìn rèé: "Ọkọ̀ asáré àmúbọ̀sípò lábẹ́ òjò mànàmáná: fọ́tò àìṣẹ́jú, òru." Wọ́n gba gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn ń dá ayọ́kẹ́lẹ́ padà, torí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kú nígbà tí àwọn ń yà á, kò sì pariwo kankan. Mo ní ṣùgbọ́n kò lọ síbì kankan náà. Wọ́n ní ó yọ́ dúró.