Ṣé ó tọ́ kí n máa ṣe ètò orin lórí rédíò àdúgbò láìgba owó?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ (ìbéèrè):

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, mo kí yín. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, ní apá Peckham, mo sì ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Nígbà tí bàbá mi papòdà, àwo orin tó tó igba ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi: àpàlà, sákárà, jùjú, àti díẹ̀ nínú fújì ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ilé-iṣẹ́ rédíò àdúgbò kan tí kò jìnnà sí wa ní kí n wá máa gbé àwọn àwo náà sáfẹ́fẹ́ fún wákàtí méjì ní alẹ́ Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi láìfi bò pé kò sí owó oṣù, kò sí owó ọkọ̀, nítorí pé gbogbo ẹni tó ń ṣe ètò níbẹ̀ ló yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Ìyàwó mi ní kí n lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan, tó ṣe iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nílé rí, ní àkókò ni mo fẹ́ fi ṣòfò, pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Yusuf Ọlátúnjí lónìí, inú fóònù rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ, kò ní dúró de Ọjọ́rú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, n kò sì rí èsì fọ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, kí ni ẹ rí nínú rẹ̀ tí ẹ fi ń padà lọ?

Bàbá Aláwo-Orin:

Àbúrò mi, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹsẹ̀ tó ní kí n sinmi. Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ nípa fóònù, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ fún ọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé àwo Haruna Ìṣọ̀lá kan sórí ẹ̀rọ. O mọ bí àwo àpàlà ti rí: ojú kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú láìdáwọ́ dúró, tí atọ́kùn yóò fi ráyè fi aṣọ àrán nu eruku ara àwo tó kàn, kí ó sì po tíì mu. Abẹ́rẹ́ kò tíì rìn dé ìdajì nígbà tí iná pupa orí tẹlifóònù sítúdíò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ìyá àgbàlagbà kan ni, láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí kò ju òpópónà mẹ́rin sí wa lọ. Wọ́n ní ọkùnrin tí Haruna ń kì lọ́wọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ni, ará Ìjẹ̀bú-Igbó bíi Haruna fúnra rẹ̀, àti pé mo ṣi orúkọ náà pè kí n tó fi àwo sí i. Wọ́n pè é fún mi lẹ́ẹ̀mejì títí ó fi tọ́ lẹ́nu mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí ojú àwo náà parí, mo gbé ohùn wọn sáfẹ́fẹ́, wọ́n sì ki ẹ̀gbọ́n bàbá wọn fún wa, wọ́n kì í dé ibi tí Haruna kò kì í dé. Olùtọ́jú kan níbẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tí ìyá yẹn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn kò gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa ń pe rédíò, láti ayé ìgbà tí wọ́n ń fi wáyà fa Rediffusion wọlé. Èyí tí mo ṣe yìí a máa gbèsì. Agbára ẹ̀rọ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ wọn wà ní nǹkan bíi wáàtì 25, ohùn wọn sì lè má kọjá kìlómítà 5, ṣùgbọ́n nítorí kíkéré yẹn gan-an ni ẹni tó ń gbọ́ ọ fi lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń ra iṣu ní ìsọ̀ kan náà.

Ní ti owó, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004, tó fi ẹsẹ̀ rédíò àdúgbò múlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dá a sílẹ̀ nítorí èrè, pé ó gbọ́dọ̀ ṣe àdúgbò láǹfààní, kí àwọn ará ibẹ̀ sì lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Owó ilé, owó iná àti owó ẹ̀tọ́ àwọn olórin ló ń gbé èyí tó bá wọlé lọ.

Aládàáni Ìbàdàn:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ilé. Ó dà bíi pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ti wá. Níhìn-ín, púpọ̀ nínú àwa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni, ńṣe là ń ra àkókò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò, kí a tó máa wá ìpolówó tí a ó fi rí owó náà padà. Nínú ètò mi oníwákàtí kan, orin tó ń ráyè kọjá láàárín ìpolówó àgbo àti ti ilẹ̀ títà kò ju mẹ́rin lọ, kò sì sí ọ̀kan tí mo lè jẹ́ kó parí. Wákàtí méjì tí ẹ ó fi gbé àwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè iye tó mú wọlé! Ó wù mí gidigidi. Rédíò àdúgbò pẹ́ kí ó tó kàn wá ní Nàìjíríà. Ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ fún 17.

Ẹ ṣọ́ra ṣá. Ibì kan tí mo ti kọ́ṣẹ́ gba àwa ọ̀dọ́ gẹ́gẹ́ bí olùyọ̀ǹda, ó sì ń gba owó ìpolówó lórí ètò wa láìsọ fún wa. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò owó wọn hàn yín kí ẹ tó gbé àwo kan lọ.

Ìyá Ìbejì, New Orleans:

Ẹ̀gbọ́n, ìlú tí mo wà yìí ni WWOZ wà, lórí 90.7, àwọn olùyọ̀ǹda ló sì ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 1980 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan lókè ilé ijó Tipitina's ni sítúdíò wọn nígbà náà. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń sọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ máìkì kalẹ̀ gba inú ihò ilẹ̀ yàrá náà, kí orin tí wọ́n ń lù nísàlẹ̀ lè bọ́ sórí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lọ sí Louis Armstrong Park, nítòsí Congo Square, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ti máa ń pé jọ lọ́jọ́ Àìkú láti lu ìlù.

Nígbà tí ìjì Katrina lé ará ìlú jáde ní 2005, WFMU ní New Jersey, tí àwọn atọ́kùn tiwọn náà jẹ́ olùyọ̀ǹda, ló bá wọn gbé ètò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò tíì dé ìlú yìí nígbà náà. Aládùúgbò mi ló sọ fún mi pé yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Houston ni òun ti gbọ́ ohùn atọ́kùn tí òun máa ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, òun sì sunkún, nítorí òun mọ̀ pé onítọ̀hún náà kò tíì mọ̀ bóyá ilé rẹ̀ ṣì dúró. Gbogbo orin ìlú yìí wà nínú fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ òní, síbẹ̀ rédíò rẹ̀ kì í kúrò lórí 90.7.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo pe ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ yìí, wọ́n sì fi ìṣirò owó ọdún tó kọjá ránṣẹ́ sí mi láìjanpata. Lẹ́yìn náà ni mo tú àpótí àwo bàbá mi. Lẹ́yìn páálí àwo Haruna kan, wọ́n fi gègé kọ orúkọ ọkùnrin kan síbẹ̀, wọ́n sì kọ “Ẹ̀pẹ́, 1968” sí abẹ́ rẹ̀. N kò mọ ẹni náà. Mo pe màmá mi, àwọn náà ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Àwo yẹn ni n ó kọ́kọ́ fi sí i lọ́jọ́ Ọjọ́rú, n ó sì ka orúkọ náà sórí afẹ́fẹ́ bí bàbá mi ṣe kọ ọ́, bóyá ẹnìkan á pè.