"Ìkábíyèsí" àbí "ìkáwọ́"? Èsì láti Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. À ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó bá ipò Ọlọ́run mu, ẹni tí ohunkóhun kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí, èmi sì fẹ́ fi "ìkáwọ́" ṣe ìkẹrin: "kádàrá", "ipò ọba aláṣẹ", àti "ìkábíyèsí" tí Bàbá wa ní Ifẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi "kádàrá" sílẹ̀. Ìpín ẹni kọ̀ọ̀kan ló ń sọ, kò sọ ti ẹni tó pín in. "Ipò ọba aláṣẹ" dùn létí lóòótọ́, àmọ́ ọba wo? Ọwá, ọba tiwa níbí, ní àwọn ìjòyè Ìwàrẹ̀fà tó ń bá a gbìmọ̀. Ti Ọ̀yọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ rántí àwọn Aláàfin tí Baṣọ̀run Gáà rí ẹ̀yìn wọn.

Bàbá, "ìkábíyèsí" yín wù mí gan-an. Ká bi yín kò sí! Ohun tí Nebukadinésárì gan-an wí nìyẹn nínú Dáníẹ́lì orí 4, lẹ́yìn tó ti jẹ koríko bíi màlúù: kò sí ẹni tó lè bi Ọ̀gá Ògo pé kí ló ń ṣe. Ibi tó ti ń ta kókó sí mi lọ́rùn ni pé ẹni tó bá rí ọba ló ń kí i ní kábíyèsí. Nínú àwọn ibi tí à ń sáré kà kọjá nínú Bíbélì, kò sẹ́ni tó rí ọba kankan.

Ẹ wo Sámúẹ́lì Kìíní orí 6. Àpótí Olúwa ti di wàhálà sí àwọn Filísítínì lọ́rùn. Wọ́n kan kẹ̀kẹ́ tuntun, wọ́n so abo màlúù méjì tí kò gbé àjàgà rí mọ́ ọn, wọ́n sì ti àwọn ọmọ wọn mọ́lé. Ìyá wo ló ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ? Wọ́n ní bí màlúù bá gba ọ̀nà Bẹti-ṣemeṣi, Ọlọ́run Ísírẹ́lì ló ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Àwọn màlúù náà ń ké lọ, wọn ò yà sọ́tùn-ún, wọn ò yà sósì.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n lò fún "kòńgẹ́" yẹn, mikré, òun náà ló wà ní Rúùtù 2:3, níbi tí opó ará Móábù ti lọ ṣa ọkà, tó kàn já sí oko Bóásì. Òǹkọ̀wé tilẹ̀ lò ó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀, bí ẹni pé ó ní "kòńgẹ́ rẹ̀ ṣe kòńgẹ́". Mo rò pé ó ń fi wá rẹ́rìn-ín ni. Nítorí oko yẹn la ṣe ní Dáfídì.

Ti Áhábù ńkọ́, tó pa ara dà lọ sójú ogun, tí ẹnì kan kàn ta ọfà láìmọ ẹni tó ń ta, tó bá a níbi oríkèé ìhámọ́ra? Ta ló fẹ́ bi ta?

Ìdí nìyí tí mo fi mú "ìkáwọ́" wá. Bíbélì fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ọwọ́: ọkàn ọba ń bẹ lọ́wọ́ Olúwa (Òwe 21:1), ìgbà mi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ (Sáàmù 31:15). Ohun tó wà ní ìkáwọ́ ẹni kò níláti mọ̀ pé ọwọ́ ń bẹ lábẹ́ òun. Àwọn màlúù yẹn kò mọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní owó ọjà pàápàá ń wà ní ìkáwọ́ ìyá oníṣòwò ní ọjà Àtàkúmọ̀sà. Òótọ́ ni. Ṣebí "ìgbàgbọ́" náà, ọ̀rọ̀ lásán ni, ká tó fi í pe ẹ̀sìn odidi.

Bàbá, ẹ dá mi lóhùn o. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, ọmọ àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń lóṣòó títí wọ́n fi gba owó wọn; mo ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín.